Ẹ̀yìn Tẹlifíṣọ̀n Ni Mo Máa Ń Kọ́kọ́ Wò

Àwọn ọmọ ìjọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ló wá bá mi pé kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi, kí àwọn lè mọ̀ bóyá títún tẹlifíṣọ̀n ṣe ṣì tó iṣẹ́ tí èèyàn ń kọ́. Mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn sí mi. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó rán àwọn. Ara fu mí díẹ̀, torí láyé tí a wà yìí, ọmọdé kì í ṣàdéédé pa fóònù tì kó wá jókòó ti àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n mo ti gbà láti sọ ọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tí ẹ sọ pé bàbá yìí ti ń fura jù, ẹ ò parọ́ mọ́ mi. Iṣẹ́ ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Dúpẹ́ lorúkọ ẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Nígbà tó máa fi lajú ní ọsibítù, Yorùbá ti kúrò lẹ́nu ẹ̀ pátápátá. Èdè Tuí ti àwọn ará Gánà ló ń sọ, èdè tó fi dàgbà ní Kùmásì kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àlejò wálé. Nínú ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Èmi tiẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ó ń díbọ́n ni. Á máa sọ pé, "Nsuo, nsuo," àwa náà á máa bi í pé kí ni, kí ni, títí inú á fi bí i, á kọjú sógiri. Ìgbà tí ọmọ ẹ̀ wá a nínú fóònù la tó mọ̀ pé omi ni obìnrin yìí ń bẹ̀ wá fún. Ẹ wo irú ayé! Kéèyàn wà láàárín àwọn ọmọ ìyá ẹ̀ kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́. Nígbà tó yá, kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Tí a bá gbé oúnjẹ fún un, á tọ́ ọ wò, á pa á tì. Nítorí ẹ̀ la ṣe lọ ra tẹlifíṣọ̀n tó ń gba ìkànnì Gánà, kó lè máa gbọ́ ẹni tó ń sọ èdè ẹnu ẹ̀. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ má sì bínú pé mo ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ó", tí mo sì fẹ́ pe ọ̀gá mi náà bẹ́ẹ̀. Èkìtì ni wá. Nínú ulé tiwa, a kì í fi "wọn" pe ara wa, ìyẹn ò sì ní ká má bọ̀wọ̀ fúnra wa.

Ẹ̀yìn Dúpẹ́ ni mo wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wa wálé láti Gánà. Òun ti di ọmọge, èmi ṣì ń jẹ ìka. Èdè ibẹ̀ ò bá mi wọ Ìkẹ́rẹ́ rárá, mo ti gbàgbé ẹ̀ kí n tó lè ka ABD. Nígbà tí mo ka ìwé débi tí agbára bàbá wa mọ, wọ́n fà mí lé Ọ̀gá Ayọ̀dèjì lọ́wọ́, tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Òkè-Ọ̀ṣun nílùú wa. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ obì, wọ́n lọ, ìyà mi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá mi tẹ́ẹ́rẹ́, kò ga, ohùn ẹ̀ sì dà bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Ṣùgbọ́n ìkó tó máa ń kó mi lórí, ìkó gidi ni. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà, àpótí pákó tó nílẹ̀kùn ni, dúdú àti funfun nìkan ló ń fi hàn, ẹ̀yìn ẹ̀ sì yọ gọ̀ǹgọ̀. Ọ̀gá á tan èyí tó bàjẹ́, á kọ ojú ẹ̀ sí ògiri, á ní kí n dúró sẹ́yìn kí n sọ ohun tó ń ṣe é. Mo gbọ́dọ̀ gbóòórùn ẹ̀, mo gbọ́dọ̀ fetí sí i, mo gbọ́dọ̀ wo bí iná inú túùbù ṣe ń pọ́n. Tí mo bá yọ́ lọ síwájú láti wo àwòrán pẹ́nrẹ́n, ìkó ti dé.

"Ojú ẹ̀, ti oníbàárà ni," báyìí ló máa ń pariwo. "Ẹ̀yìn ẹ̀ ni tìẹ! Kí lò ń wá lójú ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ kejì ni, "Ta ló sọ fún ẹ?" Ìyẹn ló fi bà mí láyé jẹ́. Mo bá a sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, wọ́n ní fíúùsì eléyìí ló jó."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹni tó gbé e wá ni, sà."

"Ṣé inú ẹ̀ ló ń gbé ni?"

Tí mo bá tú u tí mo sì rí i pé fíúùsì ló jó lóòótọ́, kò ní yìn mí. Á ní kí n wá ohun tó jó fíúùsì náà. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn nígbà náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo máa ń sunkún lọ sílé, Dúpẹ́ á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, pé èèyàn kì í wo ẹ̀yìn aṣọ.

Ohun tó tún le ní Ìkẹ́rẹ́ ni àpáta. Òkè Olósùnta dúró síbí, Orólé dúró sọ́hùn-ún, àwòrán tó ń bọ̀ láti Adó á forí sọ òkúta, èyí tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ náà á forí sọ òkúta. Orí ọparun gígùn la máa ń so ẹ́ríà tó ń fa àwòrán mọ́. Ẹnì kan á wà níta, á máa yí ọparun, ẹnì kan á wà lójú fèrèsé, á máa wo tẹlifíṣọ̀n, á máa pariwo. Nígbà tí mo wá fi ògbólógbòó tẹlifíṣọ̀n kan tí ọ̀gá jù nù tún ọ̀kan ṣe fún ilé wa, èmi ni mò ń yí ọparun, Dúpẹ́ ló ń pariwo.

"Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀! Ó tún lọ! Padà sẹ́yìn! Ó ti mọ́. Má yí i mọ́!"

Ṣé mo máa gbọ́? Ara mi ò ní balẹ̀. Màá ní bóyá ó ṣì lè mọ́ ju báyìí lọ, bóyá kò tiẹ̀ rí i dáadáa. Màá tún yí i díẹ̀ sí i, àwòrán á pòórá, ẹ̀gbọ́n mi á yọ orí lójú fèrèsé, á fi mí bú káàkiri àdúgbò. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Mo ní ó ti mọ́! Má yí i mọ́!" Àwọn aládùúgbò wa mọ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n fi ń pè mí. Tí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Má-yí-i-mọ́, ẹ kú uṣẹ́ o."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Ìjàn. Títí di òní, tí mo bá kọjá ní Ìjàn-Èkìtì, mi ò lè wo apá ibẹ̀.

Tísà kan wà níbẹ̀ tó ní kí ọ̀gá mi bá òun wá tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀, nígbà tí aláwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa gbé ọ̀kan wá, ó ní ọ̀nà Kùtọnú ló gbà wọlé. Ó wà nínú páálí, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀. A tan án. Áà! Obìnrin kan jáde tó wọ aṣọ pupa, pupa gidi, kì í ṣe eérú tí a ti ń wò láti ọdún yìí wá. Ọ̀gá mi tí kì í rẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wa dúró síwájú ẹ̀, a la ẹnu sílẹ̀. Ọ̀gá ò tú ẹ̀yìn ẹ̀. Ó ní páálí tuntun ni, ó sì ní ará ìjọ ni.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Tísà ń bọ̀ láti ilé-ìwé, ó rí èéfín lórí ilé ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n yẹn ló gbiná, ó ran kọ́tìnnì, kọ́tìnnì ran àjà. Ìyá Tísà wà nínú yàrá. Àwọn aládùúgbò já ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ìyá náà jáde, ó yè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ọ̀tún ò ṣeé nà mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí a tú ohun tó ṣẹ́kù nínú tẹlifíṣọ̀n náà, ògbólógbòó ni inú ẹ̀. Ibi tí iná ò dé, a rí wáyà tí wọ́n fi ọ̀rá búrẹ́dì so pọ̀. Ọ̀gá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ojú ẹ̀ ni mo wò," ló ń sọ. "Aṣọ pupa yẹn ló mú mi. Èmi Ayọ̀dèjì, ojú ẹ̀ ni mo wò."

Ẹni tó gbé e wá ti sá kúrò nílùú. Ọ̀gá mi ń lọ sí Ìjàn lọ́jọ́ Sátidé, ó ń bá wọn ru búlọ́ọ̀kù títí ilé yẹn fi dúró. Látìgbà náà, kò sí ohun tó gbọ́kàn lé mọ́. Ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló gbé tẹlifíṣọ̀n wá, á tú u lójú ẹ̀. Ìwà yẹn ló kó ràn mí. Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n. Tó bá bá mi ra iṣu lọ́jà, mo máa ń yí i padà wo ìdí ẹ̀.

Mo gba fúríìdọ̀mù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, mo kó àwọn náà níkòó. Túùbù lọ, aláwọ̀ dé, rìmóòtù dé, lẹ́yìn náà èyí tó fẹ́lẹ́ bíi páànù dé. Ẹ rò ó wò, tẹlifíṣọ̀n tí kò lẹ́yìn! Èmi tí gbogbo ìmọ̀ mi wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Tí ojú ẹ̀ bá ti sán, àwọn tó ṣe é ní kó o lọ ra òmíràn. Irin tí mo fi ń lẹ wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún lórí tábìlì, ọwọ́ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an, mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú ìsinmi yẹn ni mo wà tí Yẹmisí fi wá. Ọmọ Dúpẹ́ ni, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níléèwé gíga.

"Àńkù, dókítà ní tí màmá bá ń gbọ́ èdè yẹn lójoojúmọ́, ó lè jẹ́ kí wọ́n padà sí ara wọn. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n kan wà tó ń gba Gánà láìsan owó oṣooṣù."

"Ta ló sọ fún dókítà?"

"Àńkù, ẹ jọ̀ọ́. Màmá ò jẹun láàárọ̀ yìí. Wọn ò sì jẹun lánàá."

Mo wọ bàtà mi.

Adó la kọ́kọ́ lọ, ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó de táì kí wa káàbọ̀, ó ní èyí tó wà lára ògiri yìí ń gba Gánà, ń gba Tógò, ń gba ibi gbogbo. Lóòótọ́, ìyá kan ń ro ọbẹ̀ nínú ẹ̀, ó ń sọ Tuí, àwòrán náà ń dán yinrinyinrin. Omi lé sójú Yẹmisí. Èmi wo bó ṣe ń dán, mo rántí aṣọ pupa, ara fu mí.

"Díìṣì yín dà?"

"Ó wà lókè, bàbá."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Tẹlifíṣọ̀n fúnra ẹ̀ ò rí Gánà. Díìṣì orí òrùlé ló ń rí i, tí yóò fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ wáyà tí à ń pè ní kébù. Mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà, mo wá kébù díìṣì, mo yọ ọ́. Ìyá ń ro ọbẹ̀ lọ! Kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti yọ kébù. Mo tún tọ ọwọ́ káàkiri, mo bá fíláàṣì kékeré kan tí wọ́n ká àwòrán sí, tó há síbẹ̀. Mo fà á yọ, ìyá, ìkòkò, ọbẹ̀, gbogbo ẹ̀ pòórá.

"Ẹ má bínú, bàbá, a kàn fi ń ṣàpẹẹrẹ ni."

"Àpẹẹrẹ olè!" Mo pariwo débi pé àwọn tó ń ra fáànù yíjú. "Ẹni tí kò lera ni mo fẹ́ gbé e lọ fún! Ṣé ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run ni?" Yẹmisí ló fà mí jáde.

A padà sí Ìkẹ́rẹ́, sí ọ̀dọ̀ ọmọ kan tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun, tó ń ta tẹlifíṣọ̀n lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò tóbi, eruku sì bo gbogbo tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀. Ó tan ọ̀kan tí dikódà, ẹ̀rọ tó ń gba ìkànnì láti ara díìṣì, wà nínú ẹ̀ látilẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì ń ka ìròyìn ní Tuí. Aago kékeré wà ní igun àwòrán. Mo wo aago yẹn, mo wo èyí tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo fò sókè.

"Mo mú yín! Aago yẹn fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ìròyìn tí wọ́n ti ká sílẹ̀ ni!"

Ṣẹ́gun rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni aago Gánà ṣe rí. Àwa la ṣáájú wọn."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Yẹmisí na fóònù sí mi. Ó ní kí n wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo bi í pé ta ló kọ ìyẹn sínú fóònù. Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá lu aago méjìlá ọ̀sán, ìyá wa á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á ní, "Ní Kùmásì báyìí, aago mọ́kànlá ni." Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́ títí tó fi kú. Mo ti rò pé àárò ibẹ̀ ló ń sọ ọ́, mi ò mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo wo aago yẹn títí. Lẹ́yìn náà mo lọ sẹ́yìn, mo yọ kébù. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú. Mo dá a padà, àwọn oníròyìn tún yọ. Mo wá fíláàṣì, mi ò rí.

"Ṣé ẹ ti wá gbà báyìí, bàbá?"

"Mi ò tíì gbà. Ilé ni màá ti gbà."

Ọjọ́ kejì ni Ṣẹ́gun gbé e wá. Ibi ògiri tí Dúpẹ́ máa ń kọjú sí gan-an la gbé tẹlifíṣọ̀n náà kà, lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga, ó di ojú ẹ̀. Ó ti rù, ọrùn aṣọ ti tóbi jù ú lọ. Yẹmisí wà ní kíṣìnnì, ó ń se ẹ̀kọ tí gbogbo wa mọ̀ pé kò ní mu. Ṣẹ́gun gun òrùlé lọ yí díìṣì. Èmi há ara mi sí ẹ̀yìn tábìlì, mo di kébù mú, mò ń pariwo sí Ṣẹ́gun.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní kélekèle, bí aṣọ tí eku jẹ. Ohùn ń já. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń ná ọjà ní Tuí, ohùn wọn mọ́ gaara. Mo yọjú lókè tẹlifíṣọ̀n. Dúpẹ́ ti lajú. Ó ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Mo ní bóyá ó ṣì lè mọ́ ju báyìí lọ.

"Ṣẹ́gun! Tún un yí díẹ̀ sí ọ̀tún!"

Ó yí i. Ohùn já. Mo ní kó padà, ó padà, àwọn obìnrin ọjà tún dé. Ẹnì kan nínú wọn bú èkejì, Dúpẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi Tuí dá wọn lóhùn. Ohùn ẹ̀ tí a ò gbọ́ láti ọjọ́ yìí! Mo ti la ẹnu láti tún pe Ṣẹ́gun, kó kàn yí i díẹ̀ sí òsì.

"Ó ti mọ́," ẹnì kan wí. "Má yí i mọ́!"

Mo rò pé Yẹmisí ni. Yẹmisí wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó di ìkòkò ẹ̀kọ mú, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Dúpẹ́ ló sọ ọ́. Ó ń wo ojú mi lókè tẹlifíṣọ̀n, ó sì lejú mọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe lójú fèrèsé.

"Bàbá!" Ṣẹ́gun ń pè láti òrùlé. "Ṣé kí n tún un yí?"

"Má yí i!" Mo pariwo sí i lókè. "Má yí i mọ́, ọmọ mi! Sọ̀ kalẹ̀!"

Títí di òní, kò tíì sọ Yorùbá míì ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ó mu ẹ̀kọ yẹn tán lọ́jọ́ náà, ó sì na ife sí mi, ó ní, "Nsuo," mo sì sáré bu omi wá fún un. Ẹ̀yin tí ẹ bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ yẹn.

Nígbà tí Ṣẹ́gun lọ tán, Yẹmisí tẹ̀ mí lẹ́jìká.

"Àńkù, ẹ ò tíì wá fíláàṣì lẹ́yìn ẹ̀ o."

Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo jáde láti ẹ̀yìn tábìlì, mo fa àga, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, mo kọjú sí tẹlifíṣọ̀n náà. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Tó bá ti rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.